Afárá Glenfinnan: Iṣẹ́ Ọwọ́ Mọlémọlé Létí Adágún Loch Shiel

          

Nígbà tí ìwé ẹgbẹ́ yín, ẹ̀yin mọlémọlé, tẹ̀ mí lọ́wọ́ pé kí n wá sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ ọdún yín lórí iṣẹ́ mọlémọlé kan tí ó tọ́jọ́ ju ẹni tí ó ṣe é lọ, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín yóò máa retí pé n ó mẹ́nu lé odi ìlú àtijọ́, tàbí àgbàlá ààfin kan ní ilẹ̀ wa. Àwọn wọ̀nyẹn yẹ ní sísọ, wọn yóò sì ní ọjọ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n afárá ojú irin kan ni ó gba ọkàn mi, afárá tí ó wà ní ilẹ̀ Skọ́tlándì, ní abúlé kékeré tí ń jẹ́ Glenfinnan, létí adágún tí wọ́n ń pè ní Loch Shiel. Mo yàn án nítorí pé sìmẹ́ńtì, yanrìn àti òkúta fífọ́ tí ẹ̀yin náà ń pò lójoojúmọ́ ni wọ́n fi ṣe é, láìfi ohunkóhun mìíràn kún un; mo sì tún yàn án nítorí pé ọdún tí ọkọ̀ kọ́kọ́ gba orí rẹ̀ kó èrò ni ọkọ̀ ilẹ̀ láti Èkó wọ Ìbàdàn pẹ̀lú ayẹyẹ. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín kò ju ẹyọ kan lọ: pé ẹwà afárá yìí, tí ó ń fa ọ̀kẹ́ àìmọye àlejò láti ìpẹ̀kun ayé, kò ti ara ohun ọ̀ṣọ́ kankan wá. Òtítọ́ inú iṣẹ́ ni ó bí i. Ẹni tí ó ya àwòrán rẹ̀, ẹni tí ó po kọnkéré rẹ̀, àti ẹni tí ó ń tún un ṣe títí di òní, kò sí ẹni tí ó rẹ́ iṣẹ́ jẹ nínú wọn.

Ilẹ̀ náà, àti ohun tí ojú rẹ̀ ti rí

Ìwọ̀-oòrùn Skọ́tlándì jẹ́ ilẹ̀ olókè àti olómi, níbi tí òkun ti ya wọ àárín òkè lọ́nà púpọ̀, tí àwọn adágún omi dídùn sì dùbúlẹ̀ sí ibi tí òkun kò dé. Ọ̀kan nínú wọn ni Loch Shiel, tí ó gùn ju máìlì 17 lọ, ṣùgbọ́n tí kò fẹ̀ rárá. Òkè dúró lọ́tùn-ún rẹ̀, òkè dúró lósì rẹ̀, omi rẹ̀ sì dúdú minimini nítorí koríko jíjẹrà tí òjò ń fọ̀ wá láti ara àwọn òkè náà. Òjò ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ. Nígbà òtútù, yìnyín a bo orí òkè, kùrukùru a sì sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi kan omi. Ní òkè adágún yìí, níbi tí odò kékeré kan tí ń jẹ́ Finnan ti ń ṣàn wọ inú rẹ̀, àfonífojì kan là gbàgà. Orí àfonífojì yìí ni afárá wa gbà kọjá láti ẹsẹ̀ òkè kan dé ẹsẹ̀ òkè kejì.

Kí afárá ó tó dé, Glenfinnan ti ní orúkọ nínú ìtàn. Ní ọjọ́ 19 oṣù August ọdún 1745, Charles Edward Stuart, ọmọ ọba tí wọ́n lé bàbá bàbá rẹ̀ kúrò lórí ìtẹ́, gbé àsíá rẹ̀ sókè létí adágún yìí, àwọn akọni ìdílé olókè tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan sì péjọ sábẹ́ rẹ̀ láti bá a gba adé padà. Wọ́n jà, wọ́n ṣẹ́gun lọ́nà púpọ̀, wọ́n sì wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ jìnnà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní ọjọ́ 16 oṣù April ọdún 1746, ogun náà tú ká pátápátá ní Culloden, nínú ìjà tí kò tó wákàtí kan. Ọmọ ọba sá kiri inú igbó àti erékùṣù fún oṣù mélòó kan, kí ọkọ̀ òkun tó wá gbé e lọ sí ilẹ̀ Faransé. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n jẹ ìyà ọ̀rọ̀ náà: ìjọba fi òfin de aṣọ ìbílẹ̀ wọn, wọ́n gba agbára lọ́wọ́ àwọn olórí ìdílé wọn, nígbà tí ó sì yá, àwọn onílẹ̀ rí i pé àgùntàn ń mówó wọlé ju ènìyàn lọ, wọ́n bá ń lé àwọn àgbẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ bàbá wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó wọ ọkọ̀ lọ sí Kánádà àti Amẹ́ríkà, tí wọn kò sì padà mọ́.

Ní ọdún 1815, Alexander MacDonald ti Glenaladale kọ́ ọ̀wọ̀n gíga kan sí etí omi níbẹ̀ láti fi ṣe ìrántí ọjọ́ àsíá náà. Ère kan dúró lórí ọ̀wọ̀n yìí. Àlejò púpọ̀ a máa rò pé ère ọmọ ọba ni; kì í ṣe tirẹ̀. Ère jagunjagun olókè kan ni, ẹni tí a kò fún ní orúkọ, ó dúró fún gbogbo àwọn tí wọ́n jáde lọ́jọ́ náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn dìgbà tí a ó bá dé ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́.

Ẹja ni ó bí ojú irin yìí

Kì í ṣe nítorí ọmọ ọba, kì í sì í ṣe nítorí arìnrìn-àjò afẹ́ ni wọ́n ṣe la ojú irin gba Glenfinnan. Nítorí ẹja ṣàwá ni. Omi òkun tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn Skọ́tlándì kún fún ṣàwá nígbà náà, ṣùgbọ́n ọjà tí ó lówó lórí wà ní Glasgow àti ní London, ẹja tútù kì í sì í dúró de ẹni tí ń rìn gbẹ̀rẹ́. Ojú irin ti dé ìlú Fort William láti ọdún 1894. Ó ku bí ogójì máìlì sí etí òkun tí àwọn apẹja wà, ogójì máìlì náà sì jẹ́ kìkì òkè, àpáta, ẹrẹ̀ àti omi.

Ta ni yóò fi owó rẹ̀ sí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀? Oníṣòwò kankan kò lè fi ọkàn balẹ̀ pé èrè yóò ti ibẹ̀ wá. Àwọn àgbẹ̀ àti apẹja tí ó ṣẹ́kù ní ilẹ̀ náà sì ti ń ké tipẹ́, igbe wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Lord Napier ní ọdún 1883 láti wádìí ipò tí wọ́n wà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, òfin jáde ní ọdún 1896 pé ìjọba yóò ṣe onídùúró fún èrè ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lórí 260,000 pọ́n-ùn tí àwọn onípìín-ìdókòwò bá fi sílẹ̀, yóò sì fi 30,000 pọ́n-ùn ran kíkọ́ èbúté lọ́wọ́ ní Mallaig, etí òkun tí ọ̀nà náà yóò parí sí. Àwọn kan nínú ilé ìgbìmọ̀ bínú sí i, wọ́n ní kò yẹ kí owó ìlú ó ran ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Ní tèmi, mo gbà pé ohun tí ó tọ́ ni ìjọba ṣe. Ilẹ̀ tí a ti fi ìyà jẹ àwọn ọmọ rẹ̀ fún àádọ́jọ ọdún, owó orí ìlú ni ó yẹ kí a fi la ọ̀nà fún un.

Ní oṣù January ọdún 1897, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ àkọ́kọ́ ní Corpach, lẹ́bàá Fort William.

Kọnkéré láìsí irin

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ya ọ̀nà náà ni Simpson àti Wilson ti Glasgow. Ẹni tí ó gba iṣẹ́ náà ṣe ni Robert McAlpine, ó sì yẹ kí ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mọ ẹni tí í ṣe. Wọ́n bí i ní ọdún 1847 ní abúlé Newarthill. Ọmọdé ni nígbà tí ó ti wọ inú ihò èédú láti ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà ni ó di bíríkìlà, bíríkìlà náà ni ó sì ti ara bíríkì dìde tí ó fi di agbaṣẹ́ṣe tí a mọ̀ káàkiri Skọ́tlándì. Ìfẹ́ tí ó ní sí kọnkéré pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ayé fi ń pè é ní Bob Oníkọnkéré. Ìnagijẹ náà bá a dé sàréè ní ọdún 1934, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọba ti fi oyè dá a lọ́lá nígbà náà.

Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe afárá ojú irin tí ó ga, òkúta gbígbẹ́, bíríkì tàbí irin ni yóò fi ṣe é. Kọnkéré kì í ṣe àjèjì, ṣùgbọ́n àwọn tí ó lè fi í ṣe iṣẹ́ tí ó tóbi tó báyìí kò pọ̀. Kí ló wá dé tí McAlpine fi yàn án? Ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ni ó fà á. Òkúta agbègbè ibẹ̀ le, kò sì gba gbígbẹ́ dáradára. Bí wọ́n bá sọ pé àwọn agbẹ́kùúta ni yóò máa gbẹ́ ẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, owó yóò tán, ọjọ́ yóò sì lọ. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ti ń fi ẹ̀tù fọ́ àpáta náà tẹ́lẹ̀, kí ọ̀nà lè rí ibi gbà. Àfọ́kù òkúta yìí ni wọ́n kó, tí wọ́n fọ́ sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n pò mọ́ yanrìn àti sìmẹ́ńtì. Ohun tí ó dí wọn lọ́nà ni wọ́n sọ di ọ̀nà.

Ẹ̀yin mọlémọlé, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù nìyí, ẹ jẹ́ kí n fẹsẹ̀ kan dúró níbẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ pé kọnkéré a máa gba ẹrù tí ó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kì í gba kí a fà á. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ fi ń fi ọ̀pá irin sínú rẹ̀ lónìí, kí irin lè gba èyí tí kọnkéré kò lè gbà. Ní Glenfinnan, wọn kò fi ọ̀pá irin kankan sí i. Ìlànà ojú afárá náà ni wọ́n fi dáhùn ìṣòro yìí: ojú 21 ni ó ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 50, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tẹ̀ bí ọrun tí ọdẹ fa okùn rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá gùn ún lórí, ìwúwo rẹ̀ kò ní rí ibi tí yóò ti fa kọnkéré náà ya. Ńṣe ni yóò máa tì í pa pọ̀, tí yóò gba èjìká ọ̀tún àti èjìká òsì sọ̀ kalẹ̀, tí yóò fi gba inú òpó dé ilẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ka ẹwà àwọn ojú wọ̀nyí sí ọ̀ṣọ́, a ti ṣì í kà. Bí wọn kò bá tẹ̀ bẹ́ẹ̀, afárá náà kò ní dúró.

Àwa tí a jẹ́ ọmọ Ògún Lákáayé, aláàṣẹ irin, ó yẹ kí èyí jọ wá lójú. Irin wà lórí afárá náà, ojú irin méjì gbọọrọ tí ọkọ̀ ń gbà kọjá. Ṣùgbọ́n nínú ara rẹ̀ tí ó ń ru ojú irin yìí, kò sí irin. Ní gbogbo gígùn rẹ̀, tí í ṣe 416 yáàdì, àti ní gbogbo gíga rẹ̀, tí í ṣe 100 ẹsẹ̀ bàtà níbi tí ó ga jù, yanrìn, òkúta àti sìmẹ́ńtì ni ó mú ara wọn dání. Títí di òní, kò sí afárá ojú irin oníkọnkéré tí ó gùn tó o ní Skọ́tlándì.

Ohun kejì tí ó mú un lẹ́wà ni pé ó yí. Àfonífojì náà kò fún ọ̀nà láyè kí ó lọ tààrà, nítorí ibi tí ọ̀nà ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti ìlà-oòrùn àti ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí gòkè lọ sí ìwọ̀-oòrùn kò dojú kọ ara wọn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ì bá fẹ́ fi agbára là á kọjá. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí afárá náà yí bí ilẹ̀ ti yí, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí a bá fa ìlà rẹ̀ títí ó fi di òbíríkítí, láti àárín òbíríkítí náà dé etí kò ní ju ẹsẹ̀ bàtà 792 lọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nítorí yíyí tí ó yí yìí ni ọkọ̀ fi gbọ́dọ̀ rọra rìn níbẹ̀. Nítorí rẹ̀ náà ni ẹni tí ó jókòó sí kẹ̀kẹ́ ìkẹyìn fi lè yọjú lójú fèrèsé kí ó rí orí ọkọ̀ tí ń fà á níwájú, pẹ̀lú èéfín rẹ̀, kí ó sì rí adágún tí ó là lọ sí gúúsù láàárín àwọn òkè.

Ẹni tí ó bá sún mọ́ òpó rẹ̀ yóò tún rí nǹkan mìíràn. Àpá pákó wà lára rẹ̀. Àwọn káfíńtà ni wọ́n kọ́kọ́ fi pákó ṣe àpótí ńláńlá tí wọ́n ń da kọnkéré sí; nígbà tí kọnkéré gan tán tí wọ́n tú pákó kúrò, ilà àárín pákó kan sí èkejì kù sára òpó, wọn kò fi ohunkóhun rẹ́ ẹ kí ó lè dán. Omi òjò ti fa ilà funfun àti ilà dúdú gba ojú àpá wọ̀nyí láti ìgbà náà. Iṣẹ́ náà kò fi ohun tí ó jẹ́ pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Owó tí wọ́n ná lórí afárá yìí nìkan jẹ́ 18,904 pọ́n-ùn. Láàárín ọdún 1897 sí oṣù October ọdún 1898, ó ti dúró tó èyí tí a fi lè máa kó ohun èlò gba orí rẹ̀ lọ síwájú. Níwájú náà, ní Borrodale, McAlpine tún fi kọnkéré ṣe afárá mìíràn tí ojú rẹ̀ kan ṣoṣo fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 127 lọ; kò sí ojú afárá kọnkéré tí ó fẹ̀ tó o ní gbogbo ayé nígbà náà. Ní ọjọ́ 1 oṣù April ọdún 1901, wọ́n ṣí gbogbo ọ̀nà náà dé Mallaig.

Àwọn tí wọ́n po kọnkéré

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn kan jẹ́ ọmọ Skọ́tlándì láti ìsàlẹ̀, àwọn kan wá láti Ireland, àwọn mìíràn jẹ́ ará erékùṣù tí èdè Gaelic nìkan yé. Inú ahéré onípákó ni wọ́n ń sùn. Inú òjò ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, inú ẹrẹ̀ tí ń gbé ẹsẹ̀ mì. Yàtọ̀ sí afárá, ihò 11 ni wọ́n lu gba inú òkè. Ẹ̀tù a máa bú láìròtẹ́lẹ̀. Ní Lochailort, wọ́n sọ ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ kan di ilé ìwòsàn fún àwọn tí ó bá fara pa, mo sì ka èyí sí ọ̀kan nínú ohun tí ó dára jù tí agbaṣẹ́ṣe náà ṣe.

Ẹ̀tù kò mọ ọmọ ẹni tí ó ni iṣẹ́. Malcolm, ọmọ McAlpine fúnra rẹ̀, tí ó ń bá bàbá rẹ̀ bójú tó iṣẹ́ nígbà tí kò tíì ju ẹni ogún ọdún lọ púpọ̀, ni òkúta tí ẹ̀tù fọ́ bà, tí ó sì fọ́ ọ ní egungun ìhà, tí gbogbo ènìyàn fi rò pé yóò kú. Bàbá rẹ̀ fi ọkọ̀ ojú irin àkànṣe lọ gbé William Macewen, gbajúmọ̀ oníṣẹ́-abẹ Glasgow, wá bá a. Nígbà tí ó tó àkókò láti gbé e lọ sí Glasgow, àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbé e gba ibi tí kò sí ọ̀nà kọjá. Malcolm kò kú. Ọdún 1967 ni ó tó papòdà. Orúkọ àwọn tí wọ́n gbé e ni kò sí ẹni tí ó kọ sílẹ̀. Ère jagunjagun aláìlórúkọ dúró létí adágún, ṣùgbọ́n kò sí irú ère bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí wọ́n po kọnkéré. Èyí dùn mí, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀.

Ìtàn kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ fún ọmọ wọn láti ìgbà iṣẹ́ náà, pé ẹṣin kan pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀ já sínú òpó afárá nígbà tí ó ń kó òkúta wá dà sínú rẹ̀, pé inú òpó náà ni ó sì kú sí. Glenfinnan ni gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí. Ní ọdún 1987, ọ̀jọ̀gbọ́n Roland Paxton, tí í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ, lu ihò sí òpó méjì tí inú wọn ṣófo tó láti gba ẹṣin, ó sì ti ẹ̀rọ ayàwòrán bọ̀ wọ́n. Kò rí ẹṣin. Àwọn kan ì bá ti sọ pé irọ́ ni àwọn àgbà pa. Paxton kò yára sọ bẹ́ẹ̀, nítorí bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ó fetí sí àwọn ará agbègbè síwájú sí i, ó sì yíjú sí afárá mìíràn lójú ọ̀nà kan náà, èyí tí ó wà ní Loch nan Uamh. Ní ọdún 2001, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ó lè rí inú ògiri, wọ́n rí egungun ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nínú òpó ńlá tí ó wà láàárín afárá náà. Àwọn àgbà kò purọ́, ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀ nìkan ni ó ti ṣí kúrò nídìí ìtàn. Etí omi yìí kan náà, ní Loch nan Uamh, ni ọmọ ọba Charles gbé wọ ọkọ̀ lọ sí Faransé ní ọdún 1746. Ní tèmi, ẹṣin tí ó kú sí ẹnu iṣẹ́ níbẹ̀ tó ìrántí bákan náà.

Òkìkí, àti ìtọ́jú

Láti ọdún 1984 ni ọkọ̀ onísítíìmù ti tún bẹ̀rẹ̀ sí ná ọ̀nà yìí fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́. Àwọn tí wọ́n ṣe fíìmù Harry Potter gbé ọkọ̀ pupa wọn gba orí afárá náà, òkìkí rẹ̀ sì kàn dé ibi tí ojú irin kò dé rí. Àwòrán rẹ̀ wà lára owó pọ́n-ùn mẹ́wàá tí Bank of Scotland gbé jáde ní ọdún 2007. Èyí dára, ṣùgbọ́n ṣáájú fíìmù, afárá náà ti ń gbé ẹja àti èrò kọjá fún ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ni ó jẹ mí lógún ju òkìkí lọ. Òjò, yìnyín àti ìwárìrì ọkọ̀ a máa jẹ kọnkéré níwọ̀n-níwọ̀n. Ní ọdún 2024, Network Rail, tí ojú irin náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe tí wọ́n fi ọdún kan gbáko àti iye tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta pọ́n-ùn sí. Àwọn oníṣẹ́ fi okùn so ara wọn rọ̀ láti òkè afárá, wọ́n ń dí ibi tí ó ti sán, wọ́n ń tún ojú kọnkéré ṣe. Iye tí wọ́n fi tún un ṣe ju iye tí wọ́n fi kọ́ ọ lọ fíìfíì, bí owó tilẹ̀ ti yí padà láti ìgbà náà. Kò sì sí ẹni tí ó dá a lábàá pé kí wọ́n jẹ́ kí ó wó.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n bọ̀ sílé díẹ̀. Oṣù March ọdún 1901 ni wọ́n ṣí ojú irin Èkó dé Ìbàdàn, oṣù kan ṣáájú ti Mallaig. Ọdún 1896 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí là á. Bí àwọn ará erékùṣù ti ń gbẹ́ àpáta níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa ń ru iyẹ̀pẹ̀, tí wọ́n ń gé igbó, tí wọ́n ń to ojú irin láti Iddó dé Abẹ́òkúta, láti Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn. Orúkọ àwọn gómìnà àti ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ òyìnbó wà nínú ìwé. Orúkọ àwọn tí wọ́n ru iyẹ̀pẹ̀ dà? Ojú irin tuntun tí ó fẹ̀ ti wà láàárín Èkó àti Ìbàdàn láti ọdún 2021, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ń wọ inú koríko lọ ní ibi púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. A rí ohun tí a lè ṣe nígbà tí a bá fẹ́ ṣe é: Jaekel House, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1898 ní ọgbà rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, ti di ilé tí a ń kó ohun ìrántí ojú irin wa sí, ó sì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ rí i.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo wá bẹ̀ nìyí. Ẹ̀yin bàbá wa òṣìṣẹ́ rélùwéè, ìtàn wà lẹ́nu yín nípa afárá, nípa ibùdókọ̀, nípa ẹni tí ọkọ̀ pa àti ẹni tí ó gba ọkọ̀ là. Ẹ má jẹ́ kí ó bá yín lọ. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ mú ìwé àti kálàmù, ẹ lọ jókòó tì wọ́n, ẹ kọ orúkọ tí wọ́n bá dá, ẹ kọ ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, kí ẹṣin Loch nan Uamh má baà di ti Glenfinnan lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin mọlémọlé, nígbàkígbà tí iṣẹ́ kan bá parí, ẹ jẹ́ kí orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n ṣe é, títí kan ẹni tí ó ru omi, wọ inú ìwé ẹgbẹ́.

   Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti gbà láti ṣí ìwé orúkọ tí mo ń wí yìí lónìí. Ó wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀yin àgbà ni mo sì bẹ̀ pé kí ẹ kọ́kọ́ kọ tiyín sí i.